Ìhà Tó Pá Ni Yèyé Yí sí Fèrèsé Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí Yèyé bínú sí yín, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni igi rẹ̀ máa ga. Igi mẹ́ta ló wà níwájú ilé wa ní Ọ̀wọ̀, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n. Kò sí èyí tó ga ju àyà mi lọ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n dàgbà jù mí lọ. Ìdílé igi Kérésìmesì ni wọ́n, àwọn igi tí ewé wọn kì í fẹ̀, tí kì í sì í wọ́ lọ́yẹ́, ṣùgbọ́n irú tiwọn kì í ga. Àlejò á dúró, á wò wọ́n, á ní, "Màmá, igi yín yìí mà kúrú o. Ìgbà wo ló máa dàgbà?" Yèyé á gbé ojú sókè láti ibi tó lóṣòó sí. Á ní, "Ó ti dàgbà. Ìwọ lo ń dúró de nǹkan mìíràn."

Yèyé ló bí ìyá mi. Òjò ọdún 1999 yìí ló bá lọ. N kò ní í kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò mọ̀ ọ́n tán, ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ sì ti to gbogbo ipò tó dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí kò sí nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kọ. Láti ọdún 1984, nígbà tí ìjọba gbé ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́, lọ sí Ìfọ́n, ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ohùn Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló fi tọ́ mi: ọma ló ń pe ọmọ, ulé ló ń pe ilé, ẹni tí kò bá gbọ́, a jẹ́ pé àlejò ni. Mo ti fọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ. Bó bá mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, á ní mo ti bu omi sí ọbẹ̀ òun.

Kí ó tó fẹ̀yìn tì, inú ọgbà tí ìjọba ti ń tọ́ ọmọ igi ló ti ṣiṣẹ́. Tíìkì àti gìmẹ́línà ni wọ́n ń hù níbẹ̀ fún igbó ọba. Ọ̀gá kan tó ti Jọ́ọ̀sì dé ló kó ọmọ igi Kérésìmesì díẹ̀ wá, ó fẹ́ fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ síwájú ọ́fíìsì. Ọdún kan kọjá, èkejì kọjá, àwọn kan nínú wọn kò kúrò ní gígùn ìka ọwọ́. Ọ̀gá ní aràrá ni wọ́n, kí wọ́n dà wọ́n sí ààtàn. Yèyé ló rán. Ó gbé wọn rù, ó rìn dé ẹnu ààtàn, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó wò wọ́n. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, kò sí àrùn kankan lára wọn. Ó kó mẹ́ta sínú agolo mílíìkì, ó sì gbé wọn wálé. Ó máa ń sọ ìtàn yìí fún mi bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe bí mi, ibi kan náà ló sì máa ń parí sí: "Wọ́n ní kí n dà wọ́n nù, wọn kò sọ ohun tí wọ́n ṣe."

Ó sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó pè é ní Ìkòkò. Èyí tí kò nàró rárá, tó ń tàn kálẹ̀ lórí ilẹ̀, Ẹní ni. Ẹ̀kẹta ni Fìlà. Òun ló dúró ṣánṣán, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí orí rẹ̀ ṣù ṣóńṣó, tí ẹnu ewé rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí wúrà nígbà ọyẹ́. Bí o bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, á máa ta sánsán bí ìpara tí wọ́n fi ń ra àyà ọmọ tí òtútù ń mú. Àwọn tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Benin máa ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó rọra, kí àwọn wo Fìlà. Yèyé á ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, ṣùgbọ́n á tún ìró rẹ̀ ró.

Iṣẹ́ tó wà lára igi kúkurú kì í hàn sí ẹni tó ń kọjá. Láàárọ̀ ló máa ń bu omi sí wọn, ìdí ló sì máa ń bù ú sí. Nígbà ọyẹ́ nìkan, tí eruku pupa ojú ọ̀nà bá ti bo ewé wọn, ló máa ń wẹ̀ wọ́n láti orí, pẹ̀lú ọwọ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí wọn ká kí ẹrẹ̀ má baà ta sí wọn lára nígbà òjò, ó sì máa ń da eérú yí òkúta náà ká nítorí ikán. Kì í fún wọn ní ajílẹ̀. Bọ̀dá Akin, àbúrò ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, gbé àpò fatiláísà kan wá fún un lọ́jọ́ kan. Yèyé dúpẹ́, ó súre fún un, ó sì dà á sí ìdí àgbàdo lẹ́yìnkùlé.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀ka kan á ṣàdédé yọ lára wọn, tí á máa sáré lọ sókè. Ewé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ máa ń le, kì í jọ ti àwọn yòókù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mo rò pé igi náà ti gbọ́n nìyẹn. Yèyé kì í jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan. Á mú ọ̀bẹ rẹ̀ kékeré, á gé e láti ìdí pátápátá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀ka náà ń rántí bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ga nínú igbó ni, pé bí a bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò jẹ gbogbo oúnjẹ igi, àwọn tó kù á sì kú sábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ka tó bá ń dá sáré, ebi ló fi ń pa ará ilé rẹ̀." Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó là tí kò bojú wẹ̀yìn, ẹ̀ka yẹn ni mo máa ń rántí.

N kò ní í purọ́ mọ́ òkú: Yèyé lágídí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́dọọdún ni àwọn ìyá ìjọ máa ń wá tọrọ ẹ̀ka kan ṣoṣo láti fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì. Imọ̀ ọ̀pẹ ló máa ń fún wọn. Bọ̀dá Akin náà rí tirẹ̀. Ó fẹ́ da kọnkéré síwájú ilé kí mọ́tò rẹ̀ lè ríbi dúró, ó sì mú bíríkìlà wá wọn ilẹ̀ ní Sátidé kan. Yèyé gbé àpótí, ó jókòó sáàárín igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀fọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Bíríkìlà na okùn sọ́tùn-ún, ó na án sósì, Yèyé kò dìde, ló bá ká okùn rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá ń lọ, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Ó ní, "Yèyé, mọ́tò mi ńkọ́?" Yèyé ní, "Akin, mọ́tò rẹ ní ẹsẹ̀. Jẹ́ kó lọ wábi dúró sí."

Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé lásìkò ọdún Igogo, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Gbogbo gèlè Yèyé á wà nínú àpótí, wọn ò níṣẹ́. Ní ọdún kan, oòrùn mú ganrínganrín lásìkò náà, Yèyé sì ní ẹ̀ka kéékèèké tó gé lára Fìlà, tí wọ́n ń gbìyànjú láti ta gbòǹgbò nínú iyanrìn odò. Ó rò ó pé gèlè wà nílẹ̀, orí kò gbọdọ̀ wé e, ló bá ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó so gèlè méjì lé wọn lórí kí ó lè ṣíji bò wọ́n. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ ààfin kan tó ń kọjá yà wá.

Ó ní, "Màmá, ta ló wé gèlè lágbàlá yìí?"

Yèyé ní, "Igi ni."

"Igi tàbí ènìyàn, gèlè ni gèlè. Ọdún ọba là ń ṣe."

Mo rò pé ìjà dé. Ṣùgbọ́n Yèyé kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà, ó tú gèlè méjèèjì, ó ká wọn, ó lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i? Nínú gbogbo ìlú yìí, ààfin nìkan ló mọ̀ pé ènìyàn ni igi mi."

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Yèyé kọ́ mi pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ àti ọ̀bẹ, ọwọ́ òsì ni. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, olùkọ́ kan máa ń na ìka mi kí n lè gbé kálámù sí ọ̀tún. Ìka mi wú. Yèyé rí i. Ní ọjọ́ kejì, ó wé gèlè, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé igi dání, ó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Ó sọ fún wọn pé nínú ọgbà ìjọba, àwọn ní òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, pé òun ló ń bá gbogbo àwọn yòókù gé ìhà tí ọwọ́ wọn kò dé. Ó ní bí òun bá rí ojú ibi tí wọ́n gé lára igi, òun lè mọ ẹni tó gé e nínú gbogbo wọn, nítorí ọ̀bẹ òsì kì í dagun síbi tí ti ọ̀tún ń dagun sí. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó gbá ìka mi mú, ó ní, "Ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọwọ́."

Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Aládùúgbò wa ni Ìyá Ìkàrẹ́, ará Àkókó, tó ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Yèyé jù ú lọ dáadáa, ó lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti rọ̀, Ìyá Ìkàrẹ́ á gbára lé ọgbà kékeré tó wà láàárín ilé méjèèjì, Yèyé á sì máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìdí Fìlà, nítorí ìhà ọgbà yẹn ni Fìlà wà. Ọbẹ̀ ń ti ibí kọjá sọ́hùn-ún, iyọ̀ ń ti ọ̀hún bọ̀. Ìyá Ìkàrẹ́ ní ewúrẹ́ funfun kan tó ti bímọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Àkókó. Ewúrẹ́ náà ti já wọlé wa rí, ó sì ti jẹ ẹ̀fọ́ Yèyé mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1987, ilé ìwé wa ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní a ní igi Kérésìmesì nílé. Yèyé ti lọ wo ìyá mi ní Ìfọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìkàrẹ́ ni mo sì ń jẹ, tí mo ń sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Yèyé máa dé, mo mú ọ̀bẹ ilé ìdáná, mo gé ẹ̀ka Fìlà níhà ọgbà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo di í sínú àpò, mo gbé e lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ohun tí gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ ni mo mọ̀: ewúro, bí o bá gé e lónìí, á rú kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì. Gìmẹ́línà náà á rú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé igi Kérésìmesì kì í rú láti ibi tí ara rẹ̀ ti gbó, pé bí o bá ti gé e kọjá ewé tútù, ó parí nìyẹn. Kíláàsì wa ló gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo fi ayọ̀ fò wálé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Yèyé dé. Ó dúró síwájú Fìlà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìhà kan odindi ti di igi gbígbẹ àti ihò dúdú. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mojí, ta ló bá mi ṣe èyí?"

Mo wolẹ̀. Ojú mi yà sí ìhà ọgbà. Ewúrẹ́ Ìyá Ìkàrẹ́ ń jẹ koríko lórí ìso rẹ̀, lẹ́bàá ọgbà.

Ó tẹ̀ lé ojú mi. "Ewúrẹ́ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

N kò tíì gbọ́ ohùn Yèyé bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyá Ìkàrẹ́! Ẹran rẹ ti jẹ mí run o!" Ìyá Ìkàrẹ́ sáré jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orí ìso ni ẹran mi wà láti àárọ̀." Yèyé ní, "Ṣé igi ló jẹ ara rẹ̀ ni? Mo fi ọmọ lé ọ lọ́wọ́, o ò lè ṣọ́ ẹran. Ẹni tí kò lè so ẹran, kò yẹ kó sin ẹran." Ìyá Ìkàrẹ́ wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, nítorí èmi náà ti rí ẹran lórí ìso. Mo wọlé lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Mo ti gbọ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó pa ewúrẹ́ náà. Bísí ọmọ rẹ̀ gbé itan kan wá fún wa nínú abọ́ tánganran tuntun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá mi ní kí ẹ gba igi yín." Yèyé gbé abọ́ náà sórí tábìlì. Ó fi iyọ̀ pa ẹran náà kó má baà bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sè é.

Kò tíì súnmọ́ igi náà láti ìgbà yẹn. Ó ní ojú òun kò lè gbà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ló tó mú ọ̀bẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti gé àwọn kùkùté tó kù kí wọ́n má baà jẹrà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò kan ojú ibi tí mo gé, ó tún kan òmíràn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, mo ń jẹ ẹ̀kọ, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. Ó dúró, ó wo ọwọ́ òsì mi. Ó ní, "Jẹun, ọma mi. Jẹ ẹ́ tán."

Ó gbé abọ́ ẹran náà, ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Àwọn oníbàárà wà níwájú ilé Ìyá Ìkàrẹ́, wọ́n ń kan ìkòkò wò. Yèyé la àárín wọn kọjá, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀, òun ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ìyá Ìkàrẹ́ figbe ta. "Háà! Màmá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún mi!" Òun náà wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Yèyé ní, "Ewúrẹ́ rẹ kò jẹ igi mi. Ọ̀bẹ ló gé e. Ọwọ́ ulé mi ni. Mo purọ́ mọ́ ẹran rẹ, mo sì bú ọ lójú ayé, ojú ayé náà ni mo ti wá bẹ̀ ọ́."

"Ta ló gé e, Màmá?"

"Ulé mi ni mo wí."

Mo wà lẹ́yìn ògiri. Gbogbo ohun tó kù kò ju kí n rìn jáde, kí n sọ gbólóhùn kan. N kò jáde. Ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kò sì tíì tì mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Lójoojúmọ́ ni mo fi ń lọ wo àwọn kùkùté yẹn bóyá wọ́n ti rú, mo ń gbàdúrà sí wọn. Oṣù méjì kọjá. Kò sí ohun tó rú.

Yèyé kò bi mí léèrè. Ní oṣù kẹta, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń bọ̀, ó wa ilẹ̀ yí Fìlà ká, ó gé àwọn gbòǹgbò tó jìnnà kí àwọn kéékèèké lè yọ nítòsí ìdí. Ní oṣù kẹfà, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, ó pe Bọ̀dá Akin. Àwọn méjèèjì hú igi náà pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ di í, wọ́n gbé e kúrò lẹ́bàá ọgbà, wọ́n sì gbìn ín síwájú fèrèsé yàrá Yèyé. Ìhà tó dára ló kọ sí ojú ọ̀nà. Ìhà tó pá ló yí sí fèrèsé ara rẹ̀, níbi tí òun nìkan yóò ti máa rí i láti orí ibùsùn. Bọ̀dá ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ ká yí i sí ibòmíràn. Ṣé ibi tí kò dára ni ẹ fẹ́ máa wò láràárọ̀?" Yèyé ń tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Egbò ulé, ará ulé ní í wò ó."

Ó ṣe ju kó wò ó lọ. Lọ́dọọdún, bí Igogo bá dé, tí gèlè kò níṣẹ́, á kó wọn jáde, á yan èyí tó gbó jù, á fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Á mú ẹ̀ka tútù kan ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà, á rọra tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà ihò, á so ó mọ́ ara igi. Ẹ̀ka kan tàbí méjì lọ́dún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí o bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á kán. Ó ní ibi tó ti kú kò lè rú, àwọn tó wà láàyè ló lè ràn án bò. Ìyá Ìkàrẹ́ ti tún ń gbára lé ọgbà nírọ̀lẹ́ nígbà náà, á ní, "Màmá, ẹ wá kí igi yín pé ó kú ọdún o, ẹ ti tún fún un láṣọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi á wọlé.

Mo lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìfọ́n lọ́dọ̀ ìyá mi, mo padà wá sí Ọ̀wọ̀ wá ṣe Pọlí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, mo máa ń pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, màá sọ ọ́. Bí ọdún ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i. Nígbà tí àìsàn dá Yèyé gúnlẹ̀ lọ́dún yìí, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ní kí n ṣí fèrèsé. Ó na ìka sí Fìlà, ó ní, "Ó ti ń dí. Ó kù díẹ̀." Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn, mo la ẹnu, mo ní, "Yèyé, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Nígbà tí mo wò ó, ó ti sùn lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn lọ, èmi dúró láti palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Igogo wọlé. Mo kó gèlè rẹ̀ jáde láti inú àpótí, mo sì bá ara mi níwájú fèrèsé, mo ń wo igi náà láti ibi tí òun ti máa ń wò ó. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lóríṣiríṣi àwọ̀ wà nínú rẹ̀, ewé ti bo púpọ̀ nínú wọn. Gbogbo ihò tí mo dá sí i ti dí, ó ku nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo bú sẹ́kún. Mo dìde, mo gba ẹnu ọgbà kọjá sí ilé Ìyá Ìkàrẹ́. Ó jókòó ti àwọn ìkòkò rẹ̀, orí rẹ̀ wà láìwé nǹkan, ó ti funfun. Mo kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ níbi tí Yèyé kúnlẹ̀ sí.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo gé igi. Èmi ni mo pa ewúrẹ́ yín."

Kò yà á lẹ́nu. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

Ó ní, "Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń retí rẹ. Nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán lọ́jọ́ yẹn, Màmá padà wá. Wọ́n ní ọwọ́ òsì ló gé e. Ta ló tún ń lo òsì nínú ilé yín? Mo fẹ́ wá nà ọ́. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí n má sọ ọ́, kí n má fi ojú burúkú wò ọ́. Wọ́n ní o ṣì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e wá."

Ó na ọwọ́ sí mi.

"Wọ́n ní bí àwọn kò bá sí nílé lọ́jọ́ tí o bá gbé e dé, kí n bá àwọn gbà á. Dìde, Mojí. Mo ti bá wọn gbà á."

Ó wọlé, ó mú gèlè àtijọ́ kan wá láti inú àpótí tirẹ̀, ó fi eyín ya á. A jọ lọ sí ìdí Fìlà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀ka tútù kan jẹ́jẹ́ sí ibi tó kù, ó dì í mú fún mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi so ó.